Ilẹ̀ Kan, Ìwò Púpọ̀: Ìtàn Àkọsílẹ̀ Ilẹ̀ ní Lekki àti Ajah Nínú Ìmọ́lẹ̀ Ìmọ̀ Àkójọ Dátà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń kọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè Lekki àti Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ìgbà ìwé àdéhùn 1861 títí di àkókò tí fáìlì ilẹ̀ di ti kọ̀ǹpútà. Èrò méjì tí àwọn onímọ̀ àkójọ dátà ń lò, ìfàyọ àti ìwò, ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe ìfàyọ ló bí wàhálà ilẹ̀ ní agbègbè náà, nítorí kò sí àkọsílẹ̀ tí kò ṣe ìfàyọ. Ohun tó bí i ni pé ìwé ni wọ́n fún ní ìdánimọ̀, wọn kò fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi wíwò ṣáájú orúkọ. Nínú ìtàn ilẹ̀ Lekki àti Ajah, orúkọ ló sábà máa ń ṣáájú: ìwé ti gba nọ́ńbà kí ẹnikẹ́ni tó dé orí ilẹ̀ tí ìwé náà ń sọ. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Ó lè gba ìwé lọ́wọ́ ẹbí, kí amòfin ṣe àdéhùn, kí awọnlẹ̀ ri òpó sìmẹ́ǹtì mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó tó gbé pílánì dé ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n sì sọ fún un níbẹ̀ pé inú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Ó ṣeé ṣe kí ìwé kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ òótọ́ níbi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ẹbí ló tà á lóòótọ́. Awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ìjọba kéde pé òun gbà á lóòótọ́. Síbẹ̀ àwọn ìwé náà kò bára wọn mu.

Báwo ni òótọ́ mẹ́ta ṣe lè takora lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo? Àwọn òpìtàn àti àwọn amòfin ti dáhùn ìbéèrè yìí láti ìhà òṣèlú, owó àti ìwà ìjẹkújẹ. A kò tako wọn. Àmọ́ ìhà kan wà tí a kò tíì fọwọ́ bà tó: ìhà bí àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe rí. Láàrin 1970 àti 1991, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà bá irú ìbéèrè kan náà jìjàkadì lórí dátà tó díjú. Ìdáhùn tí wọ́n rí wúlò fún òpìtàn ilẹ̀ Èkó, ó sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń kó fáìlì ilẹ̀ sínú ẹ̀rọ lónìí.

Ìfàyọ, ìwò àti ìdánimọ̀

Dátà ni ohunkóhun tí a kọ sílẹ̀ nípa nǹkan kan kí a lè padà wá lò ó. Ìfàyọ ni kí a yan díẹ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa nǹkan náà, kí a fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ gbogbo ohun tó wà nípa ilẹ̀ kan ṣoṣo kò ní kọ ọ́ tán láéláé. Ìwò ni ohun tí olúkúlùkù rí nígbà tó dúró sí ààyè tirẹ̀ wo àkójọ náà. Akọ̀wé owó-orí wò ó, ó rí iye owó. Awọnlẹ̀ wò ó, ó rí igun àti ìwọ̀n. Bánkì wò ó, ó rí ohun tí ó lè dúró fún gbèsè.

Ní 1970, E. F. Codd, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ IBM, dábàá pé kí a máa to dátà sínú tábìlì, ní ìlà-ìlà. Ní 1975, ìgbìmọ̀ ANSI/SPARC ní Amẹ́ríkà pín àkójọ dátà sí ipele mẹ́ta: bí ẹ̀rọ ṣe tọ́jú rẹ̀, bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí lápapọ̀, àti bí olúkúlùkù aṣàmúlò ṣe ń wò ó. Ètò tábìlì gbayì fún ìṣirò owó àti ọjà. Ṣùgbọ́n ohun tó ní ẹ̀yà nínú ẹ̀yà, bí àwòrán ẹ̀rọ, máàpù ìlú tàbí ilẹ̀ ẹbí, kì í fara balẹ̀ sínú tábìlì. Bí a bá fi ipá tò ó, yóò di ẹ̀là káàkiri tábìlì púpọ̀, a ó sì máa ṣà á jọ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ rí i ní odidi.

Ọ̀nà mìíràn ti là sílẹ̀ ní Norway. Níbẹ̀ ni Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣe èdè ẹ̀rọ Simula ní àwọn ọdún 1960. Nínú èdè yìí, ohun kọ̀ọ̀kan dúró gẹ́gẹ́ bí odidi, pẹ̀lú àbùdá rẹ̀ àti iṣẹ́ tó lè ṣe. Nígbà tó di December 1989, Malcolm Atkinson àti àwọn onímọ̀ márùn-ún mìíràn gbé ìkéde kan kalẹ̀ ní Kyoto, ní orílẹ̀-èdè Japan, lórí ohun tí àkójọ dátà tó tẹ̀lé ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ ní. Lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kà ni ìdánimọ̀: ohun kan gbọ́dọ̀ wà gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀, láìka bí àpèjúwe rẹ̀ ṣe ń yí padà sí.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ kan náà ni ìyá ń pè ní orúkọ kan, tí bàbá ń pè ní òmíràn, tí ìyá ìyá rẹ̀ ń fi oríkì kì, tí àwọn ìyàwó ilé sì sọ ní orúkọ tí wọ́n fẹ́. Orúkọ lè tó márùn-ún. Ọmọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, gbogbo ẹni tó ń pè é ló mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn. Orúkọ jẹ́ ìwò. Ọmọ ni ìdánimọ̀.

Ní 1991, Serge Abiteboul àti Anthony Bonner gbé ọ̀rọ̀ ìwò wọ inú irú àkójọ dátà yìí. Wọ́n fi hàn pé ìwò lè ṣe ohun méjì tó yàtọ̀ síra. Ó lè ṣa àwọn ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ jọ, kí ohun kọ̀ọ̀kan sì máa jẹ́ ara rẹ̀. Ó sì lè dá ohun tuntun sílẹ̀, èyí tí kò sí níbòmíràn àfi nínú ìwò náà. A ó pe irú èyí ní ohun àfinúrò. Ìṣòro kejì ti wà nílẹ̀ láti ayé tábìlì: bí ẹnì kan bá ṣe àtúnṣe láti ojú ìwò tirẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun tó wà nísàlẹ̀, pàápàá sí apá tí ìwò náà kò fi hàn án? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni a ó mú lọ sí etí ọ̀sà.

Ilẹ̀ kí ìwé tó dé

Láàrin ọ̀sà Èkó àti òkun Àtìláńtíìkì ni ilẹ̀ tóóró Lekki nà sí, tí iyanrìn àti àbàtà pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nínú ìtàn Èkó, àwọn Ìdẹ́jọ, ìjòyè onífìlà funfun tí ìran wọn tan mọ́ Ọlọ́fin, ni onílẹ̀. Ní apá tí à ń sọ yìí, orúkọ Oníru, Ẹlẹ́gúṣì àti Olúmẹgbọ́n ló so mọ́ ilẹ̀ láti Ìrù dé Ìkàtè dé Ajah, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ìdílé kan kì í fìgbà gbogbo bá ti èkejì dọ́gba.

Ilẹ̀ ẹbí jẹ́ ohun tó díjú ní ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ dátà fún ọ̀rọ̀ náà. Olórí ẹbí ń ṣàkóso rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a tà. Ọmọ ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti kọ́lé tàbí dáko níbẹ̀. Àlejò tí wọ́n fún láàyè ń san ìṣákọ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì lè bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ìran kẹta. Ẹni tó gbin àgbọn lè ni àgbọn láì ni ilẹ̀ tó gbìn ín sí. Apẹja ní ibi tí ó ń sá àwọ̀n, ojúbọ ní ọ̀nà tirẹ̀, àwọn òkú sì wà nínú ilẹ̀. Àwọn tó ni ín kò tíì pé: àwọn kan ti kú, díẹ̀ wà láàyè, ọ̀pọ̀ ni a kò tíì bí. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pàápàá ní ọ̀rọ̀ ìjogún, tí ohun tuntun fi ń gba àbùdá lọ́wọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí, ọmọ kì í jogún ìdá kan tí a gé sọ́tọ̀. Ipò nínú odidi ni ó ń jogún.

Kò sí àkọsílẹ̀ kankan fún gbogbo èyí, àmọ́ àkójọ wà. Inú ọpọlọ àwọn àgbà, àlà, igi, sàréè àti owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ìwò tún pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó mú un dúró ni pé gbogbo ẹni tó ń jiyàn lè rìn lọ dúró lórí ilẹ̀ kan náà, kí wọ́n máa nawọ́ sí i.

Ìwò òyìnbó àti ẹjọ́ Olúwa

Ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó ka ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọba ilẹ̀ Yúróòpù ta ìlú fún: ohun gbogbo tó wà nínú Èkó ti di ti Adé. Àwọn Ìdẹ́jọ wò ó lọ́nà mìíràn: ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ìwò méjì yìí gbé pọ̀ fún àádọ́ta ọdún, títí ìjọba fi gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913 lábẹ́ òfin ilẹ̀ ìlú ti 1903. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, béèrè owó ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó wò ó bí alábòójútó lásán, èyí tí owó ìtanràn rẹ̀ kò ní tó ti ẹni tó nilẹ̀.

Àpápá kọ́ ni Lekki, ṣùgbọ́n Ìdẹ́jọ bíi ti Oníru àti Olúmẹgbọ́n ni Olúwa, ohun tí a bá sì sọ nípa ẹ̀tọ́ ọ̀kan kan gbogbo wọn. Herbert Macaulay bá Olúwa lọ sí London. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dájọ́ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn Olúwa ní kíkún, kí wọ́n sì ṣírò owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn wá jù ni ìkìlọ̀ tó wà nínú ìdájọ́ tí Viscount Haldane kà: àwọn adájọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí wọ́n má máa fi èrò tó hù nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ tí kò ti inú òfin náà wá. Ní èdè iṣẹ́ yìí, Haldane sọ pé ìwò tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ní ti dá ohun àfinúrò sílẹ̀, ìyẹn olóyè tó ń ṣàkóso ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ni, ó sì ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ìwé ló gba nọ́ńbà

Ìkìlọ̀ náà kò dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin 1924, ohun tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ìwé àdéhùn. Bí ìwé bá dé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé ńlá kan, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà, ojú-ìwé àti ìdìpọ̀. Títí di òní, ọ̀nà tí àwọn amòfin Èkó ń gbà pe ilẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn mẹ́rin, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì mú ìwé wá, ìdánimọ̀ mẹ́rin ni yóò jáde. Kò sí ibì kankan nínú ìdìpọ̀ tí ilẹ̀ náà ti lè sọ pé ẹyọ kan ni òun.

Ìjọba mọ àléébù yìí. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ti 1935 yí ètò padà: ilẹ̀ ni yóò ní nọ́ńbà, kí gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i máa wà ní ojú-ìwé kan. Ọgọ́ta ọdún ó dín mẹ́fà ṣáájú ìkéde Kyoto, èrò ìdánimọ̀ ti wà nínú òfin Èkó. Àmọ́ agbègbè díẹ̀ nínú ìlú ni òfin náà kàn. Ní etí ọ̀sà, níbi tí àbàtà àti oko àgbọn ṣì pọ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ka ilẹ̀ sí ohun tó yẹ kí a fún ní ojú-ìwé. Nígbà tí ọ̀nà ọlọ́dà dé, tí owó sì tẹ̀lé e, ètò nọ́ńbà, ojú-ìwé àti ìdìpọ̀ ni ọjà ilẹ̀ Lekki bá nílẹ̀.

1978 àti Màrókò

Ní March 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe òfin ìlò ilẹ̀ tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, láti máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, ẹni tó ta ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé àwọn tó ti ni ilẹ̀ kí òfin tó dé pàápàá wà lábẹ́ ìlànà yìí. Ẹbí ṣì ń tà, àlejò ṣì ń rà, ṣùgbọ́n ìṣe wọn kò dé ojú ìwò ìjọba àyàfi bí ó bá gba ọ́fíìsì gómìnà kọjá. Ìwò kan ti di ẹnu-ọ̀nà fún gbogbo àwọn yòókù.

Màrókò ni ibi tí èyí ti hàn jù. Ìlú tálákà ńlá ni, ní ẹnu-ọ̀nà Lekki, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ti gba ààyè lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀. Wọ́n ní ilé, ọjà, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Nínú ìwò ìjọba, ilẹ̀ ìjọba ni, ó lọ sílẹ̀, omi ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ní July 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki fún wọn ní ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ 14, katakata dé. Ìṣirò tí a sábà ń lò ni pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló pàdánù ibùgbé. Ìjọba kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí àwọn ilé tí kò tíì parí ní Ìlàsàn àti Ìkòtà.

Oṣù méje péré ló wà láàrin ìkéde Kyoto àti ìwólulẹ̀ Màrókò. A kò sọ pé ọ̀kan lè dá èkejì dúró. Agbára ló wó Màrókò. Ohun tí a ń wí ni pé agbára náà rí ìwé tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àtúnṣe láti ojú ìwò nìyẹn: wọ́n yí ohun tó wà nísàlẹ̀ padà pátápátá láti ojú ìwò tí kò fi ènìyàn kan hàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé jáde kò ní ìwé tó lè dúró níwájú ìjọba. Ẹni tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ni ó ṣòro jù láti san owó ìtanràn fún.

Kọ̀ǹpútà àti ohun àfinúrò

Lẹ́yìn Màrókò, ìlú ti rìn kọjá Ìkàtè dé Ajah, ó sì ń lọ. Àwọn ìlú ìbílẹ̀ tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba gbà béèrè kí wọ́n yọ apá tiwọn sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú gàsẹ́ẹ̀tì. Láti inú èyí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣòwò ilẹ̀ mọ̀ lónìí ti jáde: ilẹ̀ tó lómìnira, ilẹ̀ tí ìjọba gbà, ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan, ilẹ̀ gàsẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan bá mú pílánì lọ sí Alausa, wọn yóò gbé àwọn nọ́ńbà igun rẹ̀, tí a ṣírò láti ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tó wà ní Minna, lé máàpù ńlá lórí láti mọ inú èyí tó bọ́ sí.

Láàrin ọdún díẹ̀ tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀, ìjọba Èkó ti ń kó fáìlì sínú ẹ̀rọ. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti 2015 kó àwọn òfin àtijọ́ jọ sí ọ̀kan; òfin ìdáàbòbò ohun-ìní ti 2016 sì dojú kọ àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀ àti owó ọmọ onílẹ̀. Èyí dára. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ ni ẹ̀dà àwọn ìwé tó wà nínú ìdìpọ̀. Bí ìdánimọ̀ bá ti wà lára ìwé látilẹ̀wá, ẹ̀rọ yóò kàn jẹ́ kí a rí ìtakora náà kíákíá ni.

Níbí ni ohun àfinúrò ti pọ̀ sí. Ilẹ̀ tí ó ní pílánì àti nọ́ńbà wà lórí omi tí wọn kò tíì da iyanrìn sí. Ojúlé mẹ́fà lórí ìwé lè jẹ́ ojúlé mẹ́rin lórí ilẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ títì etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tí wọ́n sì ń wó ilé àti ibi okòòwò ní etí òkun Lekki, ọ̀pọ̀ kọ́ ọ pé ìwò ti ìpínlẹ̀ pàápàá kì í ṣe òpin: ìjọba àpapọ̀ ní ìwò tirẹ̀ lórí etí òkun.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀. Ní 2012, àjọ ISO gbé ìlànà 19152 jáde lórí bí a ṣe ń ṣètò àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ láti Simula ni ìlànà náà tẹ̀lé. Ó ya ohun mẹ́rin sọ́tọ̀: ẹni tàbí ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ̀tọ́, ìdíwọ̀n àti ojúṣe wọn, odidi tí ẹ̀tọ́ náà dì mọ́, àti ààyè ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láì jẹ́ pé a dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. UN-Habitat àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú ẹ̀yà kan jáde láti inú èrò kan náà, kí a lè kọ ìbátan tí òfin kò tíì mọ̀, irú èyí tó wà ní Màrókò. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè ní ààyè láì di olè, ẹbí lè ní ààyè láì di ọ̀tá ìjọba.

Àgbálọgbábọ̀

Láti Dòsùnmú títí dé kọ̀ǹpútà Alausa, ìwò kọ̀ọ̀kan tó dé etí ọ̀sà ló sọ ara rẹ̀ di ilẹ̀. Ìwé Adé, ìdìpọ̀, gàsẹ́ẹ̀tì àti pílánì ló gba nọ́ńbà. Ibi tí gbogbo wọn ń nawọ́ sí ni kò gbà á. Ẹjọ́ Olúwa àti òfin 1935 fi hàn pé àwọn kan rí àṣìṣe yìí ní àsìkò tirẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ló jẹ́ kó máa bá a lọ. Ó ṣàǹfààní fún àwọn tí ìwò wọn borí.

Iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ fún ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá. Kí ẹ̀rọ tó lè ní ààyè fún ìbátan kan, ìbátan náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀, ilẹ̀ ẹbí, ẹ̀tọ́ ẹni tó gbin igi, ààyè apẹja: àwọn àgbà tó mọ ààlà ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní Ìkàtè, Ajah àti Sangotedo ń dínkù lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì ń wọ inú ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu wọn báyìí, ní ìlú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìlú kan sí èkejì, kí àwọn tó ń ṣètò àkọsílẹ̀ má baà sọ pé àwọn kò rí orúkọ tí wọn yóò fi pè é.